Ẹṣin Ń Sáré, Fọ́tò Ń Sọnù: Àlàyé fún Ẹni tó Ń Fi Fóònù Ya Òde Àríyá

Ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, Ìjẹ̀bú-Òde kì í gba ẹsẹ̀. Ọjọ́ Ojúde Ọba ni. Àwọn régbérégbé á ti wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọn á máa jó lọ síwájú Awùjalẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àwọn ìdílé Balógun á gun ẹṣin dé, ìbọn á máa dún, gbogbo ọwọ́ tó bá sì ṣófo ló ń gbé fóònù sókè. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ìbéèrè àkọ́kọ́ máa ń wọlé sórí WhatsApp mi: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí àwọn tó dúró mọ́ kedere, tí ẹṣin tó sáré kọjá ò wá ní orí, tí kò ní ìdí?" Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìbéèrè kejì á dé, ẹni kan náà ló sì máa ń bi mí: "Mo ya ẹ̀gbọ́n mi kan lórí ẹṣin lọ́jọ́ yẹn, fọ́tò náà dáa gan-an, mi ò kàn mọ ibi tó wọlé sí ni."

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìṣòro méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn: pé kámẹ́rà tí ò dáa ló fa ti àkọ́kọ́, pé àìlétò ló fa èkejì. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ àkókò ni méjèèjì. Ìwọ̀n àkókò tí kámẹ́rà fi la ojú ló ń pinnu bóyá ẹṣin máa mọ́. Àkókò tí kámẹ́rà kọ sínú fáìlì ló ń pinnu bóyá ẹ ó tún fojú kan fọ́tò náà láyé.

Megapixel kọ́ ló ń dá ẹṣin dúró

"Kámẹ́rà fóònù mi ò dáa tó, megapixel rẹ̀ kéré." Gbólóhùn yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Megapixel kàn ń sọ iye àmì kéékèèké tí wọ́n fi to àwòrán ni. Bí ẹ bá fi 200 megapixel ya ẹṣin tó ti fà, ìyẹn èyí tí kò mọ́ torí pé ó ń rìn, ẹ ó kàn rí bó ṣe fà náà dáadáa sí i ni.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnì, kámẹ́rà á la ojú fún ìgbà díẹ̀, á gba ìmọ́lẹ̀ sínú, á sì pa ojú dé. Ìgbà díẹ̀ yẹn lè jẹ́ ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì lè jẹ́ ìdá kan nínú 1000. Lórí fóònù, 1/60 àti 1/1000 lẹ ó rí. Ohunkóhun tó bá rìn láàárín kí ó lajú àti kí ó pajú dé, gbogbo ibi tó gbà kọjá ló máa wà nínú fọ́tò kan ṣoṣo yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Ká ní ẹṣin kan ń sáré kìlómítà 40 ní wákàtí kan. Ìyẹn máa tó mítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí kámẹ́rà bá fi 1/60 lajú, ẹṣin náà ti sún síwájú tó sẹ̀ǹtímítà 18 kí ojú tó padé. Ẹ na ọwọ́ yín: láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka àárín nìyẹn, tàbí kó fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Imú ẹṣin, ojú ẹni tó gùn ún, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, iṣẹ́ ọnà ara agbádá rẹ̀, gbogbo wọn ló ti kúrò níbi tí wọ́n wà. Ní 1/1000, ìrìn rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ lọ, ojú wa ò sì ní fura. Ẹsẹ̀ ẹṣin máa ń yára ju ara rẹ̀ lọ o. Nítorí náà, bí ojú ẹni tó gùn ún bá mọ́ tí pátákò sì fà díẹ̀, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Èmi tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ẹ dúró sí náà ní tirẹ̀. Ẹṣin tó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ yín kì í fà tó èyí tó ń gba iwájú yín kọjá, torí pé ńṣe ló ń tóbi sí i díẹ̀díẹ̀, kò kúrò ní ibì kan lọ sí ibòmíràn nínú fọ́tò. Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé ibi tí ọ̀nà ti yí ló dáa jù láti dúró: ẹṣin á dẹwọ́ eré níbẹ̀, á sì kọjú sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn okùn ààbò ni kí ẹ dúró sí. Ẹṣin tí ìbọn bá dẹ́rù bà kì í wo ojú fọ́tò.

Kí ẹ tó dá kámẹ́rà lẹ́bi, ẹ fẹ fọ́tò náà lójú, kí ẹ sì wá ohun tí kì í rìn nínú rẹ̀: òpó iná, àga, bàtà ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí òpó iná náà bá fà, ọwọ́ yín ló mì. Bí òpó bá mọ́ tí ẹṣin sì fà sí apá kan, ẹṣin ló yára ju kámẹ́rà lọ. Bí ẹṣin ò bá fà síbì kankan, tó kàn ṣe bàìbàì, tí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wá mọ́ ketekete, fókọ́ọ̀sì ló lọ síbi tí kò yẹ. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àtúnṣe wọn ò sì jọra.

Ibẹ̀ ni ìpolówó ti ń kó ìdààmú bá èèyàn. Ohun tí àwọn tó ń ta fóònù ń pè ní OIS, ti àkọ́kọ́ nìkan ló wà fún. Ó ń gba ìmìtìtì ọwọ́ yín mọ́ra. Kò lágbára kankan lórí ẹṣin. Night mode lè tún ba nǹkan jẹ́ sí i, torí pé ńṣe ló ń ya fọ́tò mélòó kan léraléra tó sì ń tò wọ́n léra kí òkùnkùn lè mọ́. Ó ń retí pé kí gbogbo nǹkan dúró jẹ́ẹ́. Ẹ fi ya ìyàwó tó ń jó wọlé, ẹ lè rí ìyàwó olọ́wọ́ mẹ́ta.

Kí ló wá dé tí fóònù fi ń yan 1/60 nígbà tó lè ṣe 1/1000? Ìmọ́lẹ̀ ni. Bí ó bá lajú fún ìgbà kúkúrú, ìmọ́lẹ̀ tó máa wọlé á kéré, fọ́tò á sì ṣókùnkùn. Kámẹ́rà ńlá lè fẹ ihò lẹ́ǹsì rẹ̀ láti gba ìmọ́lẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dá ihò lẹ́ǹsì ọ̀pọ̀ fóònù náà ló máa ń wà. Ohun méjì ló kù tó lè yí: ìwọ̀n àkókò, àti ISO, ìyẹn bí ó ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ kékeré tó rí gbà sókè. Bí ISO bá ti ga jù, fọ́tò á hu èépá wẹ́wẹ́wẹ́, àwọ̀ á ṣá. Lábẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò séwu, fóònù á yan 1/1000 fúnra rẹ̀, ó tiẹ̀ lè yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá bọ́ sábẹ́ kánópì, ó lè já sí 1/100. Nínú gbọ̀ngàn lálẹ́, tí wọ́n ti pa iná ńlá, tó jẹ́ iná aláràbarà DJ ló ń yí kiri, ó lè lọ sí 1/20. Kò sí bí ẹni tó ń jó ṣe máa mọ́ níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún èèyàn kì í ṣe sẹ́tìn kankan. Ẹ jáde lábẹ́ kánópì. Bó bá jẹ́ inú gbọ̀ngàn lẹ wà, ẹ dúró síbi tí iná oní-fídíò ti ń tàn sára àwọn tó ń jó. Iná yẹn tí gbogbo wa ń kanra mọ́ nítorí pé ó ń fọ́ni lójú, òun ló ń gba fọ́tò fóònù là.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti sẹ́tìn. Ọ̀pọ̀ fóònù Android ní Pro nínú kámẹ́rà wọn; ẹ wá S tàbí Speed níbẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n àkókò tí kámẹ́rà fi ń lajú. Kámẹ́rà tó bá iPhone wá kò ní i, àfi kí ẹ wa áàpù mìíràn tó máa jẹ́ kí ẹ fọwọ́ ara yín yàn án. Fún ẹni tó ń rìn, 1/250 tó. Ọmọ tó ń sáré kiri, àwọn tó ń jó, 1/500. Ẹṣin tó ń sáré, ọ̀kadà, eré bọ́ọ̀lù, 1/1000 sókè. Bí fọ́tò bá ṣókùnkùn, ẹ gbé ISO sókè díẹ̀, kí ẹ sì fara mọ́ èépá tó bá hù. Fọ́tò tó ní èépá ṣì ṣeé wò. Èyí tó fà, kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe kó dà bíi pé kò fà.

Kì í ṣe gbogbo ìrìn ló yẹ ká dá dúró

Ibí yìí ni èmi àti ọ̀pọ̀ ayàwòrán kì í ti í fohùn ṣọ̀kan. Ẹ wo egúngún aláṣọ abala nígbà tó bá ń yí. Abala aṣọ tó so mọ́ ọn lára, pupa, búlúù, èyí tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe lẹ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀ máa ń ṣí jáde yíká, atẹ́gùn rẹ̀ á fẹ́ bá èèyàn. Bí ẹ bá fi 1/1000 yà á, abala kọ̀ọ̀kan á dúró sójú kan gbagidi, ẹ ó rí gbogbo rírán rẹ̀, ẹni tí kò sí níbẹ̀ ò sì ní mọ̀ pé ó yí rárá. Bí ẹ bá fi 1/60 yà á, tí ọwọ́ yín ò mì, ilẹ̀ àti àwọn tó ń wòran á mọ́, aṣọ náà á sì fà yíká. Èyí ni mo fara mọ́, nítorí pé yíyí yẹn ni wọ́n torí rẹ̀ jáde wá wo egúngún.

Ọgbọ́n mìíràn tún wà fún ohun tó ń gba iwájú yín kọjá. Ẹ gbé S sí 1/30 tàbí 1/60. Kí ẹṣin tó dé, ẹ ti kọjú kámẹ́rà sí i. Bó ṣe ń bọ̀, ẹ máa fi ìbàdí yí tẹ̀lé e, ẹ má fi ọwọ́ nìkan yí, kí orí ẹni tó gùn ún má kúrò lójú kan náà lórí gíláàsì fóònù. Ẹ tẹ bọ́tìnì láì dúró, kí ẹ sì máa yí lọ títí ó fi kọjá. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀yin àti ẹṣin jọ ń lọ ní ìwọ̀n eré kan náà, ẹṣin á mọ́, àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì fà di ìlà gbọọrọ aláràbarà. Ọ̀pọ̀ ló máa bàjẹ́. Bí ọ̀kan bá bọ́ sí i nínú ogún, ẹ ti ṣe dáadáa. Ẹ lọ fi ọ̀kadà tó ń kọjá níwájú ilé yín dánra wò kí ọjọ́ òde tó pé.

Ìgbà wo gan-an ló yẹ kéèyàn tẹ bọ́tìnì? Àríyànjiyàn ńlá ni ìyẹn nígbà kan rí. Àwọn oníṣẹ́ ọnà Yúróòpù àtijọ́ máa ń ya ẹṣin tó ń sáré bíi pé ó na ẹsẹ̀ iwájú síwájú, ó sì na tẹ̀yìn sẹ́yìn, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò kan ilẹ̀. Ní 1878, Eadweard Muybridge to kámẹ́rà 12 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà eré ẹṣin kan ní Palo Alto ní ìpínlẹ̀ California, fún Leland Stanford, olówó tó ni ẹṣin náà; ẹṣin fúnra rẹ̀ ń já okùn tó ń mú kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan lajú bó ṣe ń kọjá. Àwọn fọ́tò náà fi hàn pé lóòótọ́ ni ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń kúrò nílẹ̀, àmọ́ ìgbà tí wọ́n bá ká jọ sábẹ́ ikùn ni, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n nà tán. Ojú lásán ò rí i fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Tiyín náà ò ní rí i, ìyẹn ló ṣe yẹ kí ẹ lo burst: ẹ tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀, tàbí kí ẹ fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan gẹ́gẹ́ bí fóònù yín bá ṣe ṣe é, á sì máa ya bíi 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹṣin tó dé iwájú yín.

Ẹni tó ń fò sókè rọrùn jù. Nígbà tó bá ti gòkè dé òpin tí kò tíì máa bọ̀ nílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sún rárá. 1/250 lè mú un níbẹ̀.

Kó tó di pé gbogbo rẹ̀ dàpọ̀

Burst yìí ló ń bí wàhálà kejì. Ẹni tó lo òwúrọ̀ kan ní Ojúde Ọba lè gbé fọ́tò ẹgbẹ̀rún kan relé, tí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá jọ ara wọn. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ kejì kọjá. Ẹ kọ́kọ́ pa èyí tí kò ṣeé wò rẹ́, láì ronú lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọ̀wọ́ burst kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀ ná, ká tó wá sọ ti ẹsẹ̀ ẹṣin, kí ẹ sì mú ẹyọ kan, ó pẹ́ jù, méjì. Nígbà tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba gba íntánẹ́ẹ̀tì kan ní 2024, tòun ti jígí dúdú àti sìgá, ìjókòó ọkùnrin náà ló gbé e níyì, kì í ṣe eré ẹṣin. Ojú àti ìjókòó lẹ ó fi yàn.

Èyí tó kù ló ń bọ́ sọ́wọ́ EXIF. Nínú fáìlì fọ́tò kọ̀ọ̀kan ni kámẹ́rà ń kọ ọjọ́ àti aago tí ẹ yà á, irú fóònù tí ẹ lò, ìwọ̀n àkókò tó fi lajú, nígbà mìíràn ibi tí ẹ wà pàápàá. Ẹ ṣí fọ́tò kan, ẹ fà á sókè, ẹ ó rí i lórí ọ̀pọ̀ fóònù. Ohun tí Google Photos àtàwọn yòókù ń wò nìyẹn kí wọ́n tó to fọ́tò tẹ̀léra wọn.

WhatsApp máa ń yọ ọ́ kúrò. Fọ́tò tí àbúrò yín fi ránṣẹ́ lórí rẹ̀ á kéré sí ojúlówó, ọjọ́ tí wọ́n yà á kò sì ní sí nínú rẹ̀ mọ́. Orúkọ bíi IMG-20241225-WA0012 tó máa ń jẹ́ lórí Android, ọjọ́ tó wọ inú fóònù yín ló ń sọ. Bí wọ́n bá fi fọ́tò Ojúde Ọba oṣù kẹfà ránṣẹ́ lọ́jọ́ Kérésì, àárín ìrẹsì àti adìyẹ Kérésì lẹ ó ti rí i. Bí fọ́tò ṣe "sọnù" nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà: ó wà níbẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ ló yàtọ̀. HD tí WhatsApp gbé dé ní 2023 mú kí àwòrán tóbi sí i, àmọ́ kì í ṣe ojúlówó fáìlì ló ń fi ránṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi Document ránṣẹ́, ìyẹn ń lọ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà.

Àwọn ará ilé tó ti òkè òkun wá ní tiwọn. Fóònù máa ń yí aago rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kámẹ́rà ńlá sábà máa ń dúró sórí aago ibi tó ti ń bọ̀. Ti London ò ṣòro ní oṣù kẹfà, torí aago wọn àti tiwa jẹ́ ọ̀kan náà nígbà ẹ̀rùn wọn. Ti Houston máa fi wákàtí 6 sẹ́yìn. Bí ẹ bá wá kó fọ́tò gbogbo yín jọ, ẹṣin tó wọlé ní agogo 11 á dà bíi pé ó wọlé ní agogo 5 ìdájí, kó tó di pé ẹnikẹ́ni jí. Ẹ yí aago kámẹ́rà kí ẹ tó jáde nílé.

Fún fódà, ọdún ni kí ẹ fi ṣáájú, kí oṣù tẹ̀lé e, kí ọjọ́ gbẹ̀yìn: 2024-06-18 Ojude Oba. Kọ̀ǹpútà ń to orúkọ láti iwájú lọ sẹ́yìn, nítorí náà ẹni tó bá kọ ọ́ 18-06-2024 á bá gbogbo ọjọ́ kejìdínlógún inú gbogbo oṣù àti gbogbo ọdún lójú kan. Ẹ ti rí i pé mi ò fi àmì sí Ojude Oba yẹn. Mo mọ̀ ọ́n ṣe ni. Lẹ́tà bíi ọ́, tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, ju ọ̀nà kan lọ ni kọ̀ǹpútà lè gbà kọ ọ́ sínú, ojú tiwa ò sì ní rí ìyàtọ̀. Pátákó ìtẹ̀wé fóònù kan lè kọ ọ́ báyìí, ti kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ bákan, ẹ ó wá orúkọ náà títí, kò ní jáde. Inú àlàyé fọ́tò ni kí ẹ kó àmì yín sí, kí ẹ fi orúkọ fódà sílẹ̀ láìní àmì.

Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni ti pípa rẹ́. Álíbọ́ọ̀mù inú Google Photos tàbí ti iPhone kì í ṣe ẹ̀dà tuntun. Fọ́tò kan náà ni, wọ́n kàn ń tọ́ka sí i láti ibi púpọ̀. Ẹni tó bá yọ fọ́tò kúrò nínú álíbọ́ọ̀mù kò tíì pa á rẹ́. Àmọ́ ẹni tó pa á rẹ́ nínú Google Photos kó lè ráyè lórí fóònù ti pa á rẹ́ níbi méjèèjì, lórí fóònù àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí àyè lẹ ń wá, "Free up space" lẹ ó tẹ̀: ìyẹn ń yọ èyí tó ti gòkè lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lórí fóònù nìkan. Bó bá ti bọ́ tán, ẹ yára wo Trash. Èyí tó ti gòkè tẹ́lẹ̀ máa ń wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 60 kó tó lọ pátápátá. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọ̀fẹ́ aláìlópin Google Photos ti parí. 15GB ni ẹnì kọ̀ọ̀kan tí kì í sanwó ń pín láàárín fọ́tò, Gmail àti Drive rẹ̀. Bó bá kún, fọ́tò tuntun kò ní gòkè mọ́, àwọn kan ò sì ní mọ̀ títí ọjọ́ tí fóònù máa sọnù.

Nítorí náà, ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín, ọ̀kan lórí hard drive, ọ̀kan níbi tí kì í ṣe inú ilé yín, ìbáà jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ìbáà jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ní Ìbàdàn. Fílàṣì tó wà nínú báàgì kan náà pẹ̀lú fóònù, olè kan ṣoṣo ló máa gbé méjèèjì lọ.